Ẹ Bá Wa Bi Wọ́n Léèrè: Òkè Google Wo?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ìpolówó kan máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn yín, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń polówó ilẹ̀ Mọ́níyà, pé àwọn kan yóò gbé ọjà èèyàn dé òkè pátápátá lórí Google láàárín ọjọ́ méje. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ti rí i, torí mo ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Aṣọ òfì ni mò ń tà ní Ọjẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló ṣí ìkànnì fún mi ní 2019. Àwa ń pè é ní òfì, àmọ́ ọmọ yìí ní àwọn ará Èkó àtàwọn tó wà lókè òkun kì í tẹ òfì sórí fóònù, “aso oke” ni wọ́n ń tẹ̀, láìfi àmì kankan sí i. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ ọ́. Ojú-ewé mọ́kànlá péré ló wà níbẹ̀. Èyí táwọn èèyàn ń wá jù ni èyí tí mo fẹnu ara mi sọ tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, lórí béèyàn ṣe lè dá sányán gidi mọ̀: kó tẹ́ ẹ sóòrùn, kó wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí okùn tí wọ́n yọ lára ilé kòkòrò kì í dọ́gba bí òwú tí wọ́n pa láró. Èèyàn bí ogójì ló ń wọlé lóòjọ́. Mo ti fi ìró àti ìpele ránṣẹ́ sí Dublin nítorí ojú-ewé kan ṣoṣo yẹn.

Ní ìparí 2023 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ogójì kéré. Ó gba ₦150,000 lọ́wọ́ mi, ó sì fi ẹ̀rọ kọ 300 ojú-ewé: aso oke ní Mọ́kọ́lá, aso oke ní Àpáta, aso oke ní Òjóò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, orúkọ àdúgbò nìkan ló ń yí padà. Ọ̀kan tilẹ̀ ní a ń tajà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi. Ta ló ń wé gèlè níbẹ̀? Ó tún lọ ra líǹkì lórí ìkànnì àwọn onítẹ́tẹ́, kí wọ́n lè máa júwe wa fún Google.

N ò ní purọ́, ọjà yá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, àádọ́rin èèyàn ń wọlé lóòjọ́, mo sì ń gbàdúrà fún ọmọ náà.

Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètò tó fi ń pín ipò fún àwọn ìkànnì tò. Ọjọ́ 45 ló gbà, ó di ọjọ́ 19 oṣù kẹrin kó tó parí. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ń da ojú-ewé rẹpẹtẹ jọ láti fi gbapò wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Àárín rẹ̀ ni Àjíǹde bọ́ sí, ìgbà tí àwọn Kristẹni tó ti fi ìgbéyàwó dúró nítorí Lẹ́ńtì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ. Èèyàn mẹ́rin ló ń wọlé sọ́dọ̀ wa lóòjọ́. Ojú-ewé sányán tá a fi òógùn wa kọ bá ayédèrú yẹn lọ, bí ìgbà tí wọ́n wá kó olè tí wọ́n kó onílé mọ́ ọn. Ọmọ mi ṣí Search Console, ibi tí Google ti máa ń jẹ́ kí oníkànnì mọ ẹ̀sùn tó bá wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ẹni tí wọn ò fẹ̀sùn kàn, kí ni yóò lọ rojọ́ lé lórí?

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní, “Màámi, ẹ ṣe sùúrù, Google ló ń mì.” Nígbà tí mo tún pè é, ó ní kí n lọ san owó ìpolówó fún Google. Gbàǹjo nìyẹn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń du ọ̀rọ̀ kan náà táwọn èèyàn ń tẹ̀ á fowó lé e, Google á tún wo bí ojú-ewé kálukú ṣe dáa tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ tiyín, owó lọ, ì báà rajà, ì báà má rà. Mo fi ₦40,000 sí i. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò, ẹni méjì ló rajà. Lọ́jọ́ keje, àfi bí ẹni tí ò pàtẹ rí. Owó yẹn ò sì gbé èèyàn sókè ní ipò ọ̀fẹ́, níbi tí wọn kì í ti í gbowó. Google fúnra rẹ̀ ló kọ bẹ́ẹ̀.

A ti pa gbogbo 300 náà rẹ́. Ó lé lọ́dún kan kí ojú-ewé sányán tó tún yọjú, bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wọlé báyìí.

Google ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwa oníkànnì pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á gbé èèyàn sí ipò kìn-ín-ní. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbowó ìpolówó o. Mo mọ iye tí bébà ń jẹ́ báyìí. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bi wọ́n bóyá gbàǹjo ni wọ́n fẹ́ bá èèyàn wọ̀ tàbí ipò ọ̀fẹ́. Bó bá jẹ́ gbàǹjo, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì fi kún un pé ọjọ́ tówó bá tán ni èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò aṣọ òfì,
Ọjẹ́, Ìbàdàn.