Lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń lọ sí Immokalee

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Inú mi dùn pé ìwọ àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yín ń múra láti lo ọ̀sẹ̀ kan ní Immokalee ní Florida, lọ́dọ̀ àwọn alágbàṣe oko tòmátì. O ní kí n gbàdúrà kí ìrìn-àjò náà mú ọ dàgbà nínú ẹ̀mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, òun ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi wá ìlú náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á fún mi pé àwọn ará Mẹ́síkò, Guatemala àti Háítì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ká tòmátì níbẹ̀, pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn lọ sóko, àti pé iye bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan bá ká ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ìwọ̀n pọ́ùn 32. Mo gbé èyí rò títí. Èèyàn bẹ̀rẹ̀, ó ká a kún, ó gbé e lé èjìká, ó sáré lọ sí ìdí ọkọ̀, ó tún sáré padà, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi mú ganrínganrín. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, má kánjú káàánú wọn. Bọ̀wọ̀ fún èjìká yẹn ná.

O mọ̀ pé Tamale ní Gánà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyókù fún ọ rí. Àwọn òbí mi bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ láti ṣòwò. Irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Yorùbá la fi ń kọrin, Yorùbá la fi ń gbàdúrà, a sì rò pé ilé wa nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rí ìyá mi tó ń ta abọ́ tánńganran rẹ̀ ní owó yẹ́pẹ́rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ń di ẹrù, aládùúgbò wa kan wọlé, obìnrin ẹ̀yà Dagomba, Mùsùlùmí ni. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gba àbúrò mi tó ń ké lọ́wọ́ ìyá mi, ó pọ̀n ọ́n, ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú àgbàlá títí a fi di ẹrù tán. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí wọ́n bá ka Léfítíkù orí 19 ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Ọlọ́run ti ní ká fẹ́ràn àlejò bí ara wa, ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo máa ń rí.

Ó yẹ kí ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mọ ohun tó yẹ kó ṣe fún ẹlòmíràn. Èmi kò ṣe é.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan àwọn ará Gánà tó wà lọ́dọ̀ wa. Ìjọba Shagari ní kí wọ́n máa lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn, n kò sì ní maṣíìnì. Obìnrin aránṣọ ará Gánà kan wà ní àdúgbò wa, ó ń di ẹrù sínú àpò tí gbogbo wa wá ń pè ní Ghana-must-go. Mo mọ iye tí maṣíìnì rẹ̀ tó. Mo sì mọ̀ pé kò lè gbé e dání. Ìdá kan nínú mẹ́rin iye rẹ̀ ni mo fún un. Ó ka owó náà. Ó fi akísà nu eruku ara maṣíìnì, ó kán epo sí i, ó fi hàn mí bí mo ṣe lè tún bẹ́líìtì rẹ̀ so tó bá já. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àkànkẹ́, maṣíìnì yẹn ni mo fi rán gbogbo aṣọ ilé-ìwé rẹ. Òun náà ló wà lábẹ́ fèrèsé nínú ìyẹ̀wù mi. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo rà á ni mo parí ààwẹ̀ ọjọ́ méje tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo gbààwẹ̀ náà tọkàntọkàn, mo sì gbà pé mo ń dàgbà nínú ẹ̀mí. Mo ti bẹ Ọlọ́run, mo sì gbà pé ó ti dárí jì mí. Obìnrin aránṣọ náà ni n kò rí bẹ̀.

Nítorí náà, bí o ti ń lọ yìí, ọmọ ẹni tí wọ́n lé ni ọ́, ọmọ ẹni tó fi ìnira àlejò jèrè sì ni ọ́. Mú méjèèjì dání. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ìgbélùú. Ìwé ni wọ́n fi lé àwa náà. Má ya fọ́tò àwọn ọmọ wọn sórí Facebook. Aṣọ tí ìwọ kò lè wọ̀, má kó o lọ fún wọn. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ Spanish, èdè abínibí bíi Mam wà lẹ́nu àwọn ará Guatemala kan, nítorí náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni, kó o sì kúnlẹ̀ kí àgbà bí o ti máa ń ṣe nílé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, jókòó jẹ ẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ́ lálejò.

Kí o sì béèrè nípa owó ọ̀yà. Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 4 sọ pé owó alágbàṣe tí wọ́n fi dù ú ń ké, igbe rẹ̀ sì ti dé etí Olúwa. Ẹ̀gbọ́n rẹ kà á fún mi pé ní ọdún 1993, àwọn alágbàṣe Immokalee fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nínú yàrá kan tí wọ́n yá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jà títí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra tòmátì fi gbà láti máa fi sẹ́ǹtì kan kún owó ìwọ̀n pọ́ùn tòmátì kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń ká a. Ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni sì dúró tì wọ́n. Inú mi dùn gidigidi nígbà tí mo gbọ́ èyí. Aṣọ tí ẹ fẹ́ pín dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé á ra aṣọ fún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bá pásítọ̀ yín sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má parí sí ọ̀sẹ̀ kan yẹn.

Má gbàgbé oògùn ikọ́ fée rẹ o, wọ́n máa ń fín oògùn sóko. Wọ aṣọ alápá gígùn, kó o sì máa mu omi.

Bí o bá padà dé, pè mí. N kò ní bi ọ́ léèrè iye àpò ìrẹsì tí ẹ pín. Orúkọ ẹnì kan ni mo fẹ́ kí o mú bọ̀, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pè é gan-an, kí n lè máa dá a pè nínú àdúrà. N kò béèrè orúkọ obìnrin ará Gánà yẹn.

Ìyá rẹ