Owó ìfipamọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde lójú ìwé yín tó yẹ ká tún ṣe: gbogbo owó tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá olówó epo bá fi ránṣẹ́ sí Íjíbítì, "ìrànwọ́" lẹ ń pè é. Apá ńlá nínú rẹ̀, gbèsè ni.

Ẹ jẹ́ ká tú ti ọdún 2013 wò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun yọ Mohamed Morsi, ààrẹ Íjíbítì, nípò ní oṣù keje, Saudi, UAE àti Kuwait ṣèlérí bílíọ̀nù 12 dọ́là. Nínú bílíọ̀nù 5 ti Saudi, bílíọ̀nù 1 péré ni owó ọ̀fẹ́. Bílíọ̀nù 2 jẹ́ epo àti gáàsì, bílíọ̀nù 2 tó kù sì jẹ́ owó tí wọ́n fi pamọ́ sí báńkì àpapọ̀ Íjíbítì.

Bí owó ìfipamọ́ yìí bá wọlé, iye owó òkèèrè tí báńkì àpapọ̀ ń kéde á ga, ọkàn àwọn oníṣòwò á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí báńkì náà jẹ ga ní iye kan náà gan-an. Ọjọ́ ìdápadà wà lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, olówó ló máa sọ bóyá òun á sún un síwájú, níbẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà. Ìjọba tó bá ti ná an sórí àlìkámà kò ní nǹkan kan tó máa fi san. Qatar, tó ti ran ìjọba Morsi lọ́wọ́, ní bílíọ̀nù 2 kan níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ di báǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba tó ń mú èlé wá. Ìjíròrò náà forí ṣánpọ́n, Íjíbítì sì dá owó náà padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 kan náà.

Epo pàápàá ń rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016, Aramco, iléeṣẹ́ epo ìjọba Saudi, gbà láti máa fún Íjíbítì ní 700,000 tọ́ọ̀nù epo tí a ti fọ̀ lóṣooṣù fún ọdún 5. Ní oṣù kẹwàá, epo dáwọ́ dúró. Oṣù yẹn náà ni Íjíbítì dìbò fún àbá Rọ́ṣíà lórí Síríà, èyí tí Saudi kò fẹ́, ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó di oṣù kẹta 2017 kí epo tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àdéhùn oṣù kejì 2024 lórí Ras el-Hekma, ilẹ̀ kan ní etíkun Íjíbítì, ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Bílíọ̀nù 35 dọ́là ni gbogbo ìròyìn kọ. Bílíọ̀nù 24 ni owó tuntun tí ADQ, iléeṣẹ́ ìdókòwò ìjọba Abu Dhabi ní UAE, san lórí ilẹ̀ etíkun náà. Bílíọ̀nù 11 yòókù ti wà nílẹ̀ ní báńkì àpapọ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìfipamọ́ UAE. Wọ́n kàn sọ ọ́ di ìdókòwò ni. Dọ́là kankan kò wọlé látara rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè dín kù, ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Íjíbítì di ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún mú nínú iṣẹ́ náà. Owó tuntun yẹn ló jẹ́ kí báńkì àpapọ̀ láyà láti tú páùn, owó Íjíbítì, sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta: láti nǹkan bíi 31 sí bíi 50 sí dọ́là kan, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fi ìpín 6 nínú ọgọ́rùn-ún kún èlé lọ́jọ́ náà, IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, sì sọ àwìn bílíọ̀nù 3 dọ́là tó ń yá Íjíbítì di 8.

Mohammed al-Jadaan, mínísítà ìnáwó Saudi, ti sọ ọ́ ní ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos ní oṣù kìíní 2023 pé àwọn ń kúrò nínú fífúnni lówó láìbéèrè nǹkan kan. Èmi ò bá a jiyàn. Olówó ló ni owó rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn òǹkàwé wa kò rí àdéhùn náà bó ṣe rí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí irú rẹ̀ bá tún jáde, ẹ bá wa wádìí rẹ̀: èló ni owó tuntun, èló ni gbèsè àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ìgbà wo sì ni wọ́n máa san án? Ní oṣù kọkànlá 2025, iléeṣẹ́ Qatari Diar fọwọ́ sí àdéhùn bílíọ̀nù 29.7 dọ́là ní etíkun Íjíbítì kan náà. Bílíọ̀nù 3.5 nínú rẹ̀ ni owó ilẹ̀. Ìyókù, ilé tí wọn ò tíì kọ́ ni.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn