Ooru inú ọkọ̀ tí a ń gbé bí ilé

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé inú ọkọ̀-ilé àlòkù ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí agbára wọn kò ká ẹ̀rọ amúlétutù tuntun. Ní ìlú Phoenix tí mo ń gbé, odidi ọjọ́ 31 ni ooru ọ̀sán fi ń kọjá 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius léraléra lọ́dún 2023.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Kí n tó kun tèmi ní ọ̀dà funfun tó ń dá ìtànṣán oòrùn padà, ọwọ́ kò ṣeé gbé lé àjà rẹ̀ lọ́sàn-án. Ní báyìí, ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ẹ fọ òrùlé náà mọ́ tónítóní, kí ẹ sì dí gbogbo ibi tó ti sán, nítorí ọ̀dà tí a kùn lé eruku yóò ṣí dànù ni.

Ìta ni kí ẹ ti bo gíláàsì iwájú, torí pé bí oòrùn bá ti gba ara gíláàsì kọjá, ooru ti wọlé nìyẹn. Bí àyè bá wà, ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí àríwá.

Ẹ̀rọ olómi tó ń fẹ́ atẹ́gùn tutù kò wọ́n, kì í sì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ nìkan ló ti wúlò. Kí àwọn ará Houston má wulẹ̀ rà á.

Mo bẹ àwọn tó ni ọgbà ìgbọ́kọ̀sí pé kí wọ́n má fi òfin ẹwà dí wa lọ́wọ́ àtita ìbòòji.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Phoenix