Ẹ jẹ́ káwọn kọ́lékọ́lé Òṣogbo náà rí ilẹ̀ ìjọba kọ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ilẹ̀ ìjọba kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba, géètì ẹ̀ ti dípẹtà, igbó ti bo ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ débi wíńdò, àwọn ìyá tó ń sun àgbàdo ló ń gbá iwájú ẹ̀ láràárọ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà di ilẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo wa ni, ṣé ẹ rí i, gbogbo wa ló wí o.

Tí ìjọba bá fẹ́ tún ibẹ̀ kọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí kọngilá kéékèèké tó wà nílùú lè dá sí i, torí tí wọ́n bá ní kéèyàn kó owó gọbọi sílẹ̀ kó tó gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà, olówó nìkan ló máa kù, àwọn bíríkìlà wa á wá máa ṣe lébìrà nílùú bàbá wọn. Kí wọ́n kéde ẹ̀ ní Yorùbá lórí rédíò. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ìyá alágbàdo yẹn ló máa kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀, ní iye tápá wọn ká.

Èmi oníṣòwò kan, Òṣogbo