Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Aránṣọ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Owó Iná Àfojúdá

Alága wa ọ̀wọ́n,

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ tí a ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà àti ní àdúgbò tó yí i ká ń kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín ni owó iná tí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa ń kọ fún àwọn tí kò ní mítà nínú wa.

Opó kan wà láàárín wa tí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, áyọ́ọ̀nù kan àti gílóòbù kan péré wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lóṣù tí tiransifọ́mà wa bàjẹ́, tí a kò rí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó jẹ́ pé epo bẹntiróòlù ló ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ kó tó lè rán aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, owó iná tí wọ́n kọ fún un ju ti oṣù tó ṣáájú lọ. Ó lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ san án ná. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti já wáyà rẹ̀ lórí òpó láìfún un níwèé ìkìlọ̀ kankan.

Òfin kò fàyè gba èyí. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí kò ní mítà, tí owó tí wọ́n kọ fún un kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, lẹ́tọ̀ọ́ láti má san án, kó máa san iye tó san gbẹ̀yìn láìjiyàn títí wọn yóò fi yanjú ẹjọ́ náà. Wọn kò sì gbọdọ̀ já iná ẹnikẹ́ni láìkọ̀wé sí i ṣáájú. NERC kan náà ló ń fi gbèdéke lélẹ̀ lóṣooṣù fún fíídà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, tó ń fi iye yúníìtì tí àwọn onímítà orí fíídà náà ń lò díwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n má baà kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún aláìnímítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ apínná 11 pàdánù bílíọ̀nù 10.5 náírà nínú owó tó yẹ kó wọlé fún wọn, nítorí pé wọ́n ré gbèdéke yìí kọjá láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó sì ní kí wọ́n dá àpọ̀jù padà fún àwọn oníbàárà. Ní ọdún 2025, ó tún bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 628 náírà lé mẹ́jọ nínú wọn lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Inú wa dùn sí ìdájọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n Àbújá tí NERC wà jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ fíídà tí òun wà, áḿbọ̀sìbọ́sí gbèdéke tó wà fún un. Àwa náà la dáwó tún tiransifọ́mà ṣe, bẹ́ẹ̀ àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ti sọ gbangba pé ojúṣe oníbàárà kọ́ ni.

A mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ló ń bu owó ìtanràn fún ilé-iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n àwa ti pè wọ́n títí, wọn ò jẹ́. Bí Alága bá pè wọ́n, a gbà pé wọn yóò jẹ́. Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pe ọ̀gá wọn sí sẹkitéríàtì níṣojú wa, kí wọ́n dá iná padà fún gbogbo ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí owó tiransifọ́mà yóò ṣe padà sọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún jẹ́ kí wọ́n máa lẹ gbèdéke fíídà wa mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn tí a fẹ́ kọ sí NERC.

A so àwọn ìwé owó iná wa mọ́ ìwé yìí. Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ sì ti kún ṣọ́ọ̀bù. A ń retí ọjọ́ tí ẹ óò dá fún wa.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́