Kí oko etílé tó tán, ẹ jẹ́ ká ya àwòrán ìlú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ìlú wa, ní apá àríwá Èkìtì níbí, ni mo ní kí ẹ bá mi gbé jáde. A ń ta oko etílé láìní àwòrán ìlú, ìyẹn máàpù tó ń sọ ibi tí ọ̀nà, ilé àti oko yóò wà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiwa nìkan.

Béèyàn bá gba ẹ̀yìn ọjà wa lọ sódò, àkúrọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata, àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń pọn omi rin látinú kòtò kékeré. Àwọn ìyá wa ló ń ṣe é. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òkúta sọ̀féè, èyí tí wọ́n fi ń sàmì ààlà ilẹ̀, ti yọ láàrin ebè ẹ̀fọ́, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lórí. Ìyá tó ń dáko níbẹ̀ kò mọ ẹni tó rì í mọ́lẹ̀. Ó kàn ń roko yí i ká ni.

N kò bá ẹbí kankan jà pé wọ́n ń ta ilẹ̀ wọn. Owó ilé-ìwé ọmọ, owó ọsibítù, owó òkú àgbà, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì là ń tà á, kò sẹ́ni tó ń wo ìlú lódindi. Ẹbí kan gé tirẹ̀ ní 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà, ẹbí kejì gé tirẹ̀, ọ̀nà ti ibí kò pàdé ọ̀nà ti ọ̀hún. Ọ̀kadà nìkan ló lè wọ àdúgbò tuntun wa láìhá. Bí iná bá ṣẹ́ yọ níbẹ̀ lóru (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o), ìta ni ọkọ̀ panápaná yóò dúró sí. Ẹnìkan tilẹ̀ ti da yẹ̀pẹ̀ pupa sí ibi tí àgbàrá ń gbà lọ sódò, ó mọ fẹ́ǹsì lé e lórí. Pálọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni omi ń gbà báyìí.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ṣì pọ̀ lóko ọ̀nà jíjìn, kí àwọn àgbẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé Èkìtì láti ìgbà tí ajínigbé ti ń wọ igbó. Ta ni yóò rán ìyá ẹni àádọ́rin ọdún lọ sí ẹgàn lónìí? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti fi kòkó sílẹ̀ fún igbó nítorí ẹ̀rù. Oko etílé, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kí ó sì padà kí oòrùn tó mú, òun ló ń bọ́ ìlú báyìí, òun gan-an la sì ń fi òkúta sọ̀féè sí. Nígbà tí ilẹ̀ kò tíì wọ́n, bàbá wa kò ta etílé fún àlejò. Oko ni wọ́n ń fún un, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹ wo Ọyẹ́-Èkìtì. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ dé ibẹ̀ ní 2011, Ìkọ̀lé náà ní ọgbà kan lára rẹ̀. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ hù níbi tí iṣu ti ń ta. Kò burú, èrò dé, owó wọlé. Àmọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Bí ó bá kan tiwa, ta ni yóò sọ ibi tí ilé yóò kọjú sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé?

Òfin kò sì fi wá sílẹ̀. Òfin ìlànà ìlú ti 1992 ka ètò fún agbègbè ìgbèríko mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlànà ìlú wà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi Àbújá kẹ́wọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 tún wà níbẹ̀: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ oko fún ire gbogbo ìlú, ohun ọ̀gbìn àti ilé orí rẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà yóò gba oko òun kọjá, ọwọ́ òfo ló sábà máa ń bá a.

Kí la fẹ́? Kí àwòrán ìlú wà, kí wọ́n yà á ní gbangba ní gbọ̀ngàn ìlú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà. Kí ọ̀nà kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀ kí pulọ́ọ̀tì tó dé. Kí àkúrọ̀ àti etí odò wà fún oko, kí ọjà rí ibi tí yóò fẹ̀ sí, kí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń gé jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ààlà. Ibi tí a ó máa da pàǹtí sí, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Itẹ́ òkú ńkọ́? Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kí bàbá sùn sínú ọgbà, àmọ́ pulọ́ọ̀tì mélòó ni yóò gba òkú àti alààyè pọ̀? Láti 2016 ni òfin ti de dída màlúù kiri ní Èkìtì, kí àwòrán náà sọ ibi tí ẹni tó ń sin ẹran yóò kó wọn sí, kí ìjà lè dínkù.

Kì í ṣe olóyè àti olówó Èkó nìkan ni yóò jókòó yà á. Kí àwọn ìyá àkúrọ̀ wà níbẹ̀, kí àwọn Ẹ̀gbìrà tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà. Títí di ìgbà náà, kí àwọn olórí ẹbí bá wa dá títa àkúrọ̀ dúró.

Owó sọ̀féyọ̀ tí yóò wọn ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi wá. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ti ń dáwó láti fi kọ́ géètì sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Nípàdé oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé, èmi ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé kí a kọ́kọ́ fi owó náà ya àwòrán ìlú. Kábíyèsí ti ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láìsí géètì tipẹ́.

Àgbẹ̀ kan láti àríwá Èkìtì