Lẹ́tà sí Adébáyọ̀: bí a ṣe ń da ojú pọ̀ nínú Blender láìba ògiri jẹ́

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Adébáyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà? A dúpẹ́, gbogbo ilé ń kí yín. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì ti fi Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D, ṣí fáìlì Cocoa House tí o fi ránṣẹ́. Ó hàn kedere: ògiri tó yẹ kó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ti fọ́ sí onígun-mẹ́ta wẹ́wẹ́, o sì fẹ́ script, àṣẹ tí a fi èdè Python kọ fún Blender, tí yóò dà wọ́n pọ̀. Ìlà kan péré nínú Python ló ń da ojú pọ̀. Ibi tí irinṣẹ́ náà yóò ti mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró ló ń gba ọpọlọ, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàrú: face, pẹlẹbẹ tí a fi kọ́ àwòrán náà, ni mo ń pè ní ojú; edge, ìlà tó yí ojú ká, ni etí; vertex, ibi tí etí ti pàdé, ni góńgó. Normal, ọfà tó ń fi ibi tí ojú kọ sí hàn, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kọ́kọ́ gbìyànjú Limited Dissolve, àṣẹ Blender tó ń da àwọn ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pọ̀, tó wà lábẹ́ bọ́tìnì X ná. Dígírì 5 ni wọ́n fi sí i láti ilẹ̀. Bó bá ṣe iṣẹ́ rẹ tán, má wulẹ̀ kọ script kankan. Ìgbà tí o bá fẹ́ pinnu fúnra rẹ bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ tẹ́jú tó, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ láyìíká fèrèsé, ni script di dandan.

Ó tún ku kí o fọ fáìlì náà mọ́. Irú fáìlì báyìí sábà máa ń ní góńgó méjì tó jókòó sójú kan náà. Tí o bá wò ó, ògiri so pọ̀. Àmọ́ ní ti Blender, wọn ò mọ ara wọn rí. Ojú kan péré ló máa wà nínú link_faces etí náà (àkójọ àwọn ojú tó kan etí), irinṣẹ́ rẹ yóò sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó dé etí odò tí kò bá afárá. bmesh ni apá Blender tí Python fi ń tún ojú, etí àti góńgó ṣe; bmesh.ops.remove_doubles inú rẹ̀ ló ń so wọ́n. Fi dist, àlàfo tó pọ̀ jù láàárín wọn, sí 0.0001, ìyẹn mìlímítà 0.1 bó bá jẹ́ mítà lo fi ń wọn nǹkan. Lẹ́yìn náà, dissolve_degenerate, tó ń yọ ojú tí kò ní ìbú dànù, torí onígun-mẹ́ta tí kò ní ìbú rárá kò ní ibi tó kọjú sí: normal rẹ̀ jẹ́ 0, 0, 0, kò sì sí igun gidi tí o lè wọ̀n lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni recalc_face_normals, tó ń mú kí gbogbo normal kọ síta. Ojú kan tó bá kẹ̀yìn síta yóò fi dígírì 180 yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀, irinṣẹ́ yóò sì rò pé ògiri mìíràn ni. Kí o tó wọ Edit Mode, ibi tí a ti ń tún ojú ṣe, tẹ Ctrl+A kí o fìdí Scale (bí o ṣe fa nǹkan tóbi tó) múlẹ̀. Bí o bá ti fa ilé náà ga sókè ní ìlọ́po 3, tí o kò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, igun tí bmesh ń wọ̀n kì í ṣe igun tí ìwọ ń rí.

Ó yá, irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Fi bmesh.from_edit_mesh gba àwòrán náà sínú bm. To àwọn ojú láti orí èyí tó fẹ̀ jù, calc_area ni yóò sọ fún ọ, kí o sì máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìdí, ìyẹn ojú tí agbègbè kan ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tó fẹ̀ ni normal rẹ̀ ṣe é gbọ́kàn lé. Onígun-mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ lè yí díẹ̀ nítorí àṣìṣe kékeré nínú nọ́ńbà. Láti ara ìdí yìí, máa gba etí kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò. Lo list tàbí deque (àkójọ inú Python) fún àwọn tó ń dúró dè ọ́, má jẹ́ kí function máa pe ara rẹ̀, nítorí Python kì í sábà gbà ju 1000 ìpè lọ, ògiri kan sì lè ní ojú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Má kọjá etí tí iye ojú inú link_faces rẹ̀ kì í bá ṣe 2, tàbí tí seam (àmì ìpínyà tí a fi sórí etí) wà lórí rẹ̀, tàbí tí smooth rẹ̀ jẹ́ False (etí tí a sàmì sí pé ó mú). Má sì gba ojú tí material_index rẹ̀ (nọ́ńbà ohun tí a fi bò ó) yàtọ̀ sí ti ìdí.

Igun wá ń kọ́? Normal ìdí ni kí o máa fi wé, má fi ti aládùúgbò wé aládùúgbò. Wo àwọn òpó ní Mapó Hall. Ká ní o fi ẹ̀gbẹ́ 64 yà òpó kan: dígírì 5.625 ló wà láàárín ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì. Bí o bá gba dígírì 6 láyè, tí o sì ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá òun àti ẹni tó tẹ̀ lé e jọra, gbogbo wọn ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, yíká òpó náà títí o fi padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ń fi wé ìdí, ọ̀tún kan àti òsì kan péré ni yóò wọlé. Ìyẹn náà ò dára. Igun nìkan kò tó: ojú tó fi dígírì 1 péré yà, tó sì gùn ní mítà 10, ìparí rẹ̀ ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 17 kúrò lórí ògiri. Nítorí náà fi ìdánwò kejì kún un. Fún góńgó kọ̀ọ̀kan lára ojú tó ń bọ̀, yọ co góńgó ìdí kan kúrò lára co rẹ̀ (co ni ibi tí góńgó wà), kí o fi èsì náà àti normal ìdí ṣe dot, ìsọdipúpọ̀ tó ń sọ bó ṣe jìnnà sí ògiri tó; bí èsì rẹ̀ bá ju 0.001 lọ, yálà síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ó dúró síta. Lára òpó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ lé ìdí ti fi bíi mìlímítà 5 tẹ̀ sẹ́yìn. Kò ní wọlé mọ́. Dígírì 1 àti mìlímítà 1 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún ilé. Python fẹ́ igun ní radian o: dígírì 1 jẹ́ 0.01745. Ẹni tó bá kọ 1 síbẹ̀ ti gba dígírì 57 láyè.

Fèrèsé ló kù, òun sì ni olórí ọ̀rọ̀. Ojú kan nínú Blender kò lè ní ihò láàárín. Tí o bá kó gbogbo ojú tó yí fèrèsé ká fún dissolve_faces, àṣẹ tó ń da ojú pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, yóò kọ̀ ọ́, torí etí ìta àti etí inú jẹ́ ìyíká méjì tí kò kan ara wọn. Wo ògiri kékeré yìí: pín in sí 3 lọ́nà 3, kí o yọ àárín rẹ̀. Ojú 8, etí 24, góńgó 16. Yọ etí kúrò nínú góńgó, kí o fi ojú kún un: 16 − 24 + 8 = 0. Kí o tó yọ àárín, ojú 9 ni: 16 − 24 + 9 = 1. Àmì yẹn nìyẹn. Agbègbè tí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 1 ṣe é dà pọ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan ń fa 1 sílẹ̀. Àjà 26 ni Cocoa House ní. Ká ní fèrèsé 10 wà lójú ògiri kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, 260 ihò nìyẹn, èsì rẹ̀ á di −259.

O kò ní láti dúró dìgbà tí agbègbè bá pé kó o tó ṣírò. Máa ṣe é bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé. Ka góńgó rẹ̀ tí kò tíì sí nínú agbègbè, ka etí rẹ̀ tí kò tíì sí níbẹ̀. Bí góńgó tuntun − etí tuntun + 1 bá jẹ́ 0, gbà á wọlé. Bí kò bá jẹ́ 0, agbègbè fẹ́ yí fèrèsé ká pátápátá nìyẹn, tàbí agbègbè fẹ́ fi góńgó kan ṣoṣo kan ara rẹ̀, èyí tó burú bákan náà. Gbé ojú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má lé e dànù. Èyí tí o kọ̀ nísinsìnyí lè ṣe é gbà nígbà tí àwọn tó yí i ká bá ti wọlé, nítorí náà máa padà wò wọ́n títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní wọlé mọ́. Àwọn tó ṣẹ́kù yóò di ìdí tiwọn. Nínú ògiri ojú 8 yẹn, 7 yóò di ọ̀kan, 1 yóò dá dúró lókè, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí ibi tó bọ́ sí kò bá wù ọ́, fi seam sàmì síbi tí o fẹ́ kí ògiri pín kó o tó lo irinṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ń ṣe é, torí ó dára kí ìlà náà bá ilẹ̀ àjà lọ.

Kó gbogbo agbègbè jọ tán kó o tó da ẹyọ kan pọ̀. Bí o bá ń dà pọ̀ bí o ṣe ń wá, ojú tí o ṣì ní lọ́wọ́ á ti kú, ReferenceError ni Python á fi dá ọ lóhùn. Lẹ́yìn náà, pe bmesh.ops.dissolve_faces fún agbègbè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí use_verts jẹ́ False. Má da gbogbo wọn sínú list kan, torí Blender á da àwọn tó fara kanra pọ̀, gbogbo ìṣírò rẹ á sì ṣòfò.

Góńgó àárín á lọ, àmọ́ àwọn tó wà lórí ìlà tààrà létí ògiri á ṣẹ́kù. Má fojú fo wọ́n. Ojú tó ní góńgó n ń di onígun-mẹ́ta n − 2 nígbà tí o bá gbé e jáde sí glTF, irú fáìlì 3D kan: ògiri onígun mẹ́rin tó ṣì ní góńgó 40 létí á di 38, nígbà tí 2 ì bá tó. Nígbà tí gbogbo agbègbè bá ti parí, wá góńgó tí link_edges rẹ̀ (àwọn etí tó kan án) jẹ́ 2 gééré, tí etí méjèèjì sì wà lórí ìlà kan náà, kó wọn fún dissolve_verts. Èyí tí ògiri kejì ṣì ń lò á ní 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní fara gbá. Ṣùgbọ́n má gbàgbé ìdánwò ìlà tààrà yẹn. Láìsí i, igun ògiri tó dá dúró á fò lọ.

Parí rẹ̀ pẹ̀lú bmesh.update_edit_mesh. Má pe bm.free níbí, ti bmesh.new nìkan ni ìyẹn. Nínú Operator rẹ, apá kóòdù tó sọ script di irinṣẹ́ Blender, kọ REGISTER àti UNDO sí bl_options kí Ctrl+Z lè ṣiṣẹ́ kí o sì lè yí igun náà padà ní ìsàlẹ̀ ojú wíndò. Orúkọ irinṣẹ́ tí o kọ sí bl_idname gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà kékeré pẹ̀lú àmì ìdánudúró láàárín, bíi mesh.da_oju_po, àmì kólọ́ọ̀nù ni o sì ń fi kéde FloatProperty (nọ́ńbà tí a lè yí, bíi igun náà) láti Blender 2.80, kì í ṣe àmì ìdọ́gba.

Kóo tó gbé e lé Cocoa House, fi kúùbù tí o ti sọ di onígun-mẹ́ta dán an wò: 12 gbọ́dọ̀ di 6. Lẹ́yìn náà ògiri onífèrèsé yẹn: 8 gbọ́dọ̀ di 2. Má gbé irinṣẹ́ yìí dé ojú ènìyàn tàbí ohunkóhun tó máa gba Subdivision, tó ń pín ojú wẹ́wẹ́ kí ara rẹ̀ lè dán. Ojú onígun púpọ̀ máa ń mú kí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun níbẹ̀.

Fi fáìlì ránṣẹ́ padà tí o bá ti dán an wò, pàápàá ojú ògiri tó kọ sí Dùgbẹ̀. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Dèjì